EWÚRẸ́ ILÉ ÀTI ẸTU IGBÓ
Àsọyé lórí àrùn kan tí ń rìn láàrin wọn, tí a sọ ní Òde Ugbò



Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti ń wí nínú ara rẹ̀ pé, “Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kẹ̀? Ṣé àwa Ìlàjẹ, àwa tí ọkọ̀ ojú omi jẹ́ ẹṣin wa, tí àwọ̀n sì jẹ́ oko wa, ni a ó jókòó gbọ́ àsọyé nípa ewúrẹ́?” Ìbéèrè náà tọ́. Ẹja ni ó ń bọ́ wa, èmi náà kò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa rántí ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Nígbà tí òkun bá ru, tí àwọn ọkùnrin kò lè jáde, kí ni ìyá ń tà kí owó ilé ìwé tó pé? Nígbà tí àìsàn bá dé sí opó kan ní òru, tí kò sì sí owó ọkọ̀ tí yóò gbé e dé Igbókòdá, kí ni a ń fà jáde láti ẹ̀yìn ilé nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́? Ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ ni àpótí owó àwọn tí kò ní àpótí. Nítorí náà, ohun tí ó bá ń pa ewúrẹ́, kì í ṣe ẹran nìkan ni ó ń pa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ewúrẹ́ nìkan ni mo bá wá. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àrùn kan tí ń ti inú agbo ẹran ilé jáde lọ sínú igbó, tí ó sì ń bá ẹtu, egbin, òtòlò àti àwọn ẹranko mìíràn tí ó bá ewúrẹ́ tan jà. Mo sì fẹ́ fi hàn yín pé ilẹ̀kùn tí àrùn náà ń gbà jáde, ọwọ́ wa ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀. Àbúrò bàbá mi obìnrin kan, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ní ewúrẹ́ mọ́kànlá. Ó lọ sí ọjà kan, ó sì ra òbúkọ ńlá kan tí a kó wá láti ìhà Àríwá, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tí ara rẹ̀ ń dán. Owó rẹ̀ kò wọ́n, inú Ìyá sì dùn. Ikun díẹ̀ wà ní imú òbúkọ náà, ṣùgbọ́n ta ni yóò tìtorí ikun imú kọ ẹran tí owó rẹ̀ kò wọ́n? Ó gbé e sínú ọkọ̀, ó gbé e wálé, ó sì tú u sí àárín àwọn tirẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ilé wa fi di ilé ikọ́. Ewúrẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mẹ́ta ni ó ń sín. Ikun wọn ki, ó sì dí imú wọn. Ẹnu wọn bó, wọn kò lè jẹ ewé. Lẹ́yìn èyí, ìgbẹ́ gbuuru dé. Mẹ́fà kú láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Òbúkọ àjèjì náà ní tirẹ̀ kò kú. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì tún sanra.

Nígbà tí Ìyá rí i pé ikú ti wọlé, ó yára mú mẹ́rin tí ara wọn ṣì dàbí ẹni pé ó dá, ó sì tà wọ́n fún oníṣòwò ọlọ́kọ̀ kan kí òru tó dé. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó kù nínú mọ́kànlá. Òkú àwọn mẹ́fà ńkọ́? Àwa ọmọdé ni a rán pé kí a lọ dà wọ́n nù sí etí igbó tí ó wà lẹ́yìn irà. A sì lọ.

Opó arúgbó kan wà ní ìkángun agbo ilé wa. Ní ọdún tí ó ṣáájú, òun àti Ìyá ti jà nítorí ewúrẹ́ tí ó jẹ ẹ̀gẹ́ tí ó sá sí oòrùn. Kí ni ẹ rò pé àwọn ènìyàn wí? Wọ́n ní òun ni ó fi nǹkan sínú omi ẹran. Kò sí ẹni tí ó rí i tí ó ṣe é. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá dé etí omi láti pọnmi, àwọn obìnrin yòókù a gbé ìkòkò wọn, wọn a sì lọ. Ọdún mẹ́ta ni ó fi wà bẹ́ẹ̀ láàrin wa kí ó tó kú, a kò sì bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọdẹ kan sọ fún bàbá mi pé òun rí òkú ẹtu méjì ní etí igbó náà. Kò sí ojú ọta lára wọn, kò sí ojú okùn, ikun sì gbẹ mọ́ wọn nímú. Kò sí oníṣègùn tí ó yẹ̀ wọ́n wò, nítorí náà èmi kò lè búra pé àrùn kan náà ni ó pa wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dàgbà, tí mo sì ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ, ọ̀rọ̀ ọdẹ náà padà wá sí ọkàn mi, kò sì tíì kúrò níbẹ̀.

ORÚKỌ ÀTI ÌṢE ÀRÙN NÁÀ

Ní ọdún 1942, ní Côte d’Ivoire, tí ó wà lábẹ́ àkóso Faransé nígbà náà, àwọn oníṣègùn ẹran méjì, Gargadennec àti Lalanne, ṣe àpèjúwe àrùn kan tí ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn. Orúkọ tí ó ń jẹ́ ní èdè Faransé títí di òní ni peste des petits ruminants, èyíinì ni, àjàkálẹ̀ àrùn àwọn ẹran kékeré tí ń jẹ àpọ̀jẹ. Àwọn onímọ̀ gé e kúrú sí PPR. Ní Nàìjíríà wa níhìn-ín, kata ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, nítorí ikun tí ń dà ní imú ẹran.

Ohun tí ń fa àrùn yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Ìbátan ni ó jẹ́ sí èyí tí ń fa èéyi lára àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bẹ̀rù: kata kì í ran ènìyàn. Inú èémí, ikọ́, itọ́, omi ojú àti ìgbẹ́ ẹran tí ó ń ṣàìsàn ni ó ń gbé, ó sì ń ran ẹran tí ó bá sún mọ́ ọn, tàbí tí wọ́n jọ ń mu omi nínú àwo kan. Lẹ́yìn tí ó bá ti wọ ara, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó rí àmì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sọ́kàn, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ewu náà wà. Ẹran tí ó dùn-ún wò lójú lónìí lè jẹ́ ẹran tí yóò pa agbo lọ́la.

Àwọn àgbà máa ń wí pé ohun tí ó bá ojú, ó bá imú. Nínú àrùn yìí, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ti gidi. Ara gbígbóná ni ó ń ṣáájú; lẹ́yìn náà ni omi ojú àti omi imú, tí yóò di ikun tí ó ki; lẹ́yìn náà egbò ẹnu, ìgbẹ́ gbuuru, àti èémí tí ó le. Abo tí ó lóyún lè ṣẹ́yún. Ní inú agbo tí kò rí i rí, ó lè pa ìdajì, ó sì lè pa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó bá yè, àrùn náà kì í sábà padà mú un mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Àwọn ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa ni ó máa ń dà lulẹ̀ jù. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ti ìhà Àríwá máa ń fara dà á ju tiwa lọ. Ṣé ẹ rí ìdí rẹ̀ nísinsìnyí tí òbúkọ Ìyá fi wúkọ́ díẹ̀ tí ó sì yè, tí àwọn onílé fi kú? Kò sí májèlé nínú omi. Kò sí ọwọ́ opó kankan nínú rẹ̀. Ẹni tí ó mú ikú wá ni a so mọ́lẹ̀ láàrin agbo, tí a ń já ewé fún.

BÍ Ó TI DÉ INÚ IGBÓ

Nísinsìnyí mo dé ibi tí mo ń lọ. Ewúrẹ́ àti àgùntàn kọ́ ni ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ nìkan. Ẹtu ń jẹ àpọ̀jẹ, bẹ́ẹ̀ ni èsúró, ìgalà, àgbọ̀nrín, egbin tí a fi ń ṣe àkàwé ẹwà, òtòlò, àti ẹfọ̀n. Ìdílé ńlá kan ni gbogbo wọn. Ilé ni ó yà wọ́n; ẹ̀jẹ̀ wọn kò jìnnà síra. Àrùn tí ó bá sì mọ ọ̀nà ara ewúrẹ́, kò ṣòro fún un láti mọ ọ̀nà ara ẹtu.

Èyí kì í ṣe àròsọ. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹran ní Ìbàdàn tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ẹtu tí wọ́n yẹ̀ wò. Nígbà tí àrùn bá bá ara jà tí ara sì ṣẹ́gun, ẹ̀jẹ̀ a máa pa àmì ìjà náà mọ́, gẹ́gẹ́ bí ògbólógbòó jagunjagun ti ń ru àpá. Wọ́n rí àpá kata nínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú àwọn ẹtu náà. Ní ọdún 2005, àwọn mìíràn tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde nípa ẹranko Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì rí àpá kan náà lára ẹfọ̀n, òtòlò àti egbin.

Ẹranko tí òyìnbó ń pè ní deer, tí ó ní ìwo bí ẹ̀ka igi, kò sí nínú igbó tiwa. Ṣùgbọ́n òun náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1976, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn pé àwọn fi fáírọ́ọ̀sì yìí sí ara irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ní ibi tí a sé mọ́, láti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Àwọn kan kú. Àwọn mìíràn kò fi àmì kan hàn rárá. Ẹ kíyèsí èkejì yìí, nítorí ẹni tí kò fi àmì hàn ni ó ṣòro jù láti sá fún. Ní ọdún 1987, a tún ròyìn rẹ̀ láti ilẹ̀ Lárúbáwá, ní ọgbà kan tí a ti ń sin àwọn ẹranko ìgbẹ́ ní Al Ain. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú.

Ṣùgbọ́n ibi tí ayé ti rí ìbínú rẹ̀ jù ni ilẹ̀ Mòngólíà, ní àárín gbùngbùn Éṣíà. Ẹranko kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní saiga. Ó kéré bí ewúrẹ́, imú rẹ̀ sì tóbi, ó so rọ̀ bí àpò. Kò pọ̀ láyé mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, a rí kata lára àwọn ewúrẹ́ àti àgùntàn ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, níbi tí kò tíì sí ẹni tí ó ròyìn rẹ̀ rí. Pápá kan náà ni ẹran ilé àti saiga ti ń jẹ, omi kan náà ni wọ́n sì ń mu. Nígbà tí ó fi di oṣù kejìlá, saiga bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kí ọdún 2017 tó dé àárín, òkú tí a rí ti ju 5,000 lọ, ìyẹn yàtọ̀ sí àwọn tí yìnyín bò, àti àwọn tí ẹyẹ àti ìkookò jẹ. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé nínú saiga mẹ́wàá tí ó wà níbẹ̀, bí mẹ́jọ ni ó lọ.

Ẹ̀yin ará mi, kò sí saiga kan tí ó lọ sí ọjà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wọ ọkọ̀. Àrùn náà ni a gbé wá bá wọn níbi tí wọ́n wà. Wọn kò ní olùṣọ́ tí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀, wọn kò ní ẹni tí yóò gún wọn ní abẹ́rẹ́, kò sì sí ẹni tí ó ń ka iye wọn ní alẹ́.

ṢÉ Ó KÀN WÁ?

Ẹnìkan yóò dìde wí pé, “Bí ẹtu bá kú nínú igbó, kí ni ó kàn èmi tí mo ń ta ẹja?” Èmi yóò dá a lóhùn ní ọ̀nà méjì.

Èkíní, igbó kì í ṣe ti ẹnìkan. Ẹran tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ìní àwọn tí kò tíì sí, àní àwọn ọmọ ọmọ wa. Àwọn tí ó wà láàrin yín tí irun wọn ti funfun mọ̀ pé igbó tí ó wà láàrin wa àti Òkìtìpupa kò rí mọ́ bí ó ti rí nígbà èwe yín. Àdá ti gé e, ìbọn ti gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹran tí ó ti kéré tẹ́lẹ̀ kò tún ní agbára láti gba àjàkálẹ̀ àrùn mọ́ra.

Èkejì, ohun tí ó bá wọ igbó ti kọjá ibi tí apá wa ká. Ewúrẹ́ tí ó ń ṣàìsàn, a lè so ó mọ́lẹ̀. Ta ni yóò so ẹtu?

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fi wá sílẹ̀ láìní ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn àrùn mìíràn fún yín, ẹ̀gbọ́n kata, tí ń pa màlúù ní ọjọ́ tí ó ti pẹ́, tí òyìnbó ń pè ní rinderpest. Ní nǹkan bí ọdún 1887, ó wọ ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú màlúù tí a fi ọkọ̀ òkun kó wá láti ilẹ̀ mìíràn. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó ti rìn dé gúúsù Áfíríkà pátápátá. Ó pa màlúù, ó pa ẹfọ̀n, ó pa oríṣiríṣi ẹranko oníwo, ìyàn ńlá sì mú ní Etiópíà. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba fi dá ilé ìwádìí àrùn ẹran sílẹ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos, ní ọdún 1924, èyí tí ó wà níbẹ̀ títí di òní.

Ní pápá Serengeti, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tànsáníà lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹranko ìgbẹ́ ni ó ń pa àrùn náà mọ́ tí wọ́n sì ń fi ran màlúù. Àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn màlúù tí ó wà yí pápá náà ká ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Màlúù nìkan ni wọ́n gún. Kò sí ẹni tí ó gún ẹranko ìgbẹ́ kan. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ní ọdún 1963, àrùn náà ti parẹ́ lára ẹranko oníwo tí wọ́n ń pè ní wildebeest. Iye wọn, tí kò ju nǹkan bí 250,000 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kọjá 1,000,000 kí àwọn ọdún 1970 tó parí. A ti ilẹ̀kùn ní ilé, igbó sì rí àlàáfíà.

Ẹ má sì rò pé iṣẹ́ náà rọrùn. Àwọn ènìyàn ṣe é, ó sì rẹ̀ wọ́n. A dẹwọ́ abẹ́rẹ́, àrùn náà sì padà wọ Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1980. Ní ọdún 1983, ọ̀pọ̀lọpọ̀ màlúù kú, ọ̀pọ̀ darandaran sì di aláìní. A tún bẹ̀rẹ̀. Ibi tí a ti rí i kẹ́yìn láyé ni ara àwọn ẹfọ̀n igbó ní Kẹ́ńyà, ní ọdún 2001. Ní ọdún 2011, a kéde fún gbogbo ayé pé ó ti tán. Láti ìgbà tí ayé ti wà, òun ni àrùn ẹran kan ṣoṣo tí ọwọ́ ènìyàn tíì pa run.

Kata ni ó kàn. Ní ọdún 2015, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè péjọ ní Abidjan, ní Côte d’Ivoire kan náà tí a ti kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀, wọ́n sì fi ọdún 2030 ṣe àmì ìgbà tí wọn ń fẹ́ kí ó tán. Ọ̀nà ṣì jìn. Ó ti dé orílẹ̀-èdè tí ó ju 70 lọ, àní ní ọdún 2024 ó wọ Gíríìsì àti Ròmáníà. Ṣùgbọ́n ohun ìjà wà. Ẹ jẹ́ kí orí yín wú díẹ̀: abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń lò jù fún un káàkiri ayé, Nàìjíríà ni orúkọ rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tí a fi ṣe é, ara ewúrẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè yìí ni a ti mú un ní ọdún 1975. Àwọn onímọ̀ sì sọ ọ́ di aláìlágbára kí ó lè kọ́ ara ẹran ní ìjà láìpa á. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń gún un, ó sì ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ohun tí a mú láti ilẹ̀ wa ń gba ewúrẹ́ là ní ilẹ̀ òkèèrè. Ǹjẹ́ kì yóò ha jẹ́ ìtìjú bí ewúrẹ́ tiwa bá ń kú láìrí i?

OHUN TÍ ÓYẸ KÍ A ṢE

Èmi kò fẹ́ kí a túká láìmọ ohun tí a ó fi ọwọ́ ṣe. Nǹkan márùn-ún ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́.

Èkíní: ẹran tí a bá rà, kí a má ṣe tú u sáàárín àwọn ti ilé lọ́jọ́ náà. Kí a so ó sọ́tọ̀, kí àwo omi rẹ̀ yàtọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí kò bá sí ikọ́, tí kò sí ikun, kí ó tó wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀.

Èkejì: kí a ṣe abẹ́rẹ́ ní àpapọ̀. Ẹ̀yin mọ̀ pé ẹja tí kò bá rí yìnyín kì í dé ọjà ní rere. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni oògùn yìí. Inú òtútù ni ó gbọ́dọ̀ wà títí a ó fi lò ó. Ìgò kan sì ń tó ọ̀pọ̀ ẹran, bí a bá sì ti pò ó tán, a kò lè fi ìyókù pamọ́ di ọjọ́ kejì. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ewúrẹ́ mẹ́ta kò lè dá a ṣe. Ṣùgbọ́n bí agbo ilé mẹ́wàá bá dá ọjọ́ kan, tí wọ́n so ẹran wọn pọ̀, tí wọ́n sì ránṣẹ́ pe oníṣègùn ẹran, owó tí yóò kan ẹnìkọ̀ọ̀kan yóò kéré. Ìjọ tí ó lè dá owó ra ìlù lè dá owó gún ewúrẹ́ àwọn opó rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: òkú ẹran, kí a sin ín jìnlẹ̀ ní ibi tí ilẹ̀ gbé gbẹ, tàbí kí a sun ún. Kí a má ṣe jù ú sínú omi, kí a má ṣe dà á sí etí igbó. Mo mọ ohun tí mo ń wí. Ọwọ́ mi yìí ni ó gbé wọn lọ.

Ẹ̀kẹrin: ẹ̀yin ọdẹ, bí ẹ bá rí ẹtu tàbí ìgalà tí ó kú láìsí ọgbẹ́, tí ikun wà nímú rẹ̀, ẹ má ṣe gbé e wálé. Ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ẹran ti ìjọba. Ojú yín ni ojú tí a ní nínú igbó. Bí ẹ̀yin kò bá sọ, kò sí ẹlòmíràn tí yóò mọ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni ó le jù, mo sì fi í sí ìkẹyìn kí ó lè bá yín délé. Nígbà tí ewúrẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ẹ má ṣe tà wọ́n. Mo mọ bí ó ti rí. Owó ilé ìwé wà nínú ẹran náà, bí ó bá sì kú, owó náà kú. Ọkàn yóò wí pé, “Tà á lónìí tí ó ṣì dúró.” Ṣùgbọ́n ta ni yóò rà á? Opó mìíràn ni, ní ìlú mìíràn, tí òun náà ń ka owó ilé ìwé. Àrùn yìí kò ní ẹsẹ̀, kò sì ní ìyẹ́. Kì í pẹ́ kú nínú oòrùn bí kò bá rí ara ẹran gbé. Ohun tí ń gbé e láti ìlú dé ìlú ni ẹran tí a tà nígbà tí a mọ̀ pé kò yá. Òwò náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìyá kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó fẹ́ràn wa, ó sì bọ́ wa. Ṣùgbọ́n mo ti máa ń ronú nípa àwọn mẹ́rin tí ó tà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Èmi kò mọ etí omi tí ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí. Èmi kò mọ agbo ilé tí wọ́n wọ̀, tàbí igbó tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn níbẹ̀ nígbà tí ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Níkẹyìn, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí opó tiwa. Bí ẹnìkan bá ti sọ fún wa ní ọdún náà ohun tí mo sọ fún yín ní alẹ́ yìí, a kì bá má ti yà á nípá. Àìmọ̀ ni ó pa ewúrẹ́ mẹ́fà ní ilé wa, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe sí obìnrin náà burú ju ti ewúrẹ́ lọ. Ẹ̀yin ti gbọ́ nísinsìnyí. Bí ikọ́ bá bẹ̀rẹ̀ nínú agbo ẹran ní ilé yín, ẹ má ṣe wá ẹni tí ẹ ó fi ẹ̀sùn kàn. Ẹ béèrè ẹran tí ó wọlé kẹ́yìn, kí ẹ sì béèrè ibi tí ó ti wá.